Bí Ogunléndé Bá Dé sí Àdúgbò Yín: Ètò Ìlera Láti Ọjọ́ Àkọ́kọ́

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ìbọn ló ń pa àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ìbọn ń pa wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sá bọ́ lọ́wọ́ ìbọn, tó ti fẹsẹ̀ rìn dé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tàbí àgọ́, nǹkan mìíràn ló ń dúró dè é níbẹ̀: ìgbẹ́ gbuuru, éèyi, ibà, àrùn àyà, àti ebi tó ń fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lágbára. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ mú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ìlera ogunléndé, kó má fi oògùn bẹ̀rẹ̀. Omi ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ṣiṣẹ́ ní Borno láàárín àwọn tí ogun Boko Haram lé jáde láti Bama, Gwoza, Dikwa àti àwọn abúlé tí ẹni tí kò bá débẹ̀ rí kò lè mọ orúkọ wọn. Mo kọ èyí fún nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé, baálẹ̀, àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó bá jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tó rí i pé àwọn tí òun kò mọ̀ rí ti kún gbogbo kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò. Èdè wa mọ irú wọn tipẹ́. Ogun ló lé wọn dé, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní ogunléndé. Abẹ́òkúta tí à ń kọrin nípa rẹ̀, àwọn tí ogun lé ló tẹ̀ ẹ́ dó lábẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830.

Èèyàn 2,000 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀, kí ìṣirò lè rọrùn. Bí tiyín bá jẹ́ 500, ẹ pín in sí mẹ́rin.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka orí

Ẹ má bi ẹnì kan ṣoṣo pé èèyàn mélòó ló wà níbí. Ẹni tí ebi ń pa yóò sọ iye tó máa mú oúnjẹ púpọ̀ wá, èmi náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ọ̀dọ́ mẹ́rin tó mọ̀wé. Nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti wọlé sùn lálẹ́, kí wọ́n gba kíláàsì kọ̀ọ̀kan kọjá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n ka orí, kí wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye náà sára ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ padà lọ béèrè mélòó nínú wọn ni kò tíì pé ọdún márùn-ún, ta ló lóyún, ta ló ní ọgbẹ́, ọmọ wo ni kò rí òbí rẹ̀, ta ló ń lo oògùn ojoojúmọ́ tó sì ti gbàgbé rẹ̀ sílé nígbà tó ń sá. Bí ẹ kò bá ráyè ka àwọn ọmọdé lọ́tọ̀, ẹ fọwọ́ mú un pé nínú èèyàn 100, nǹkan bí 20 ni kò tíì pé ọdún márùn-ún. Èyí túmọ̀ sí ọmọ 400 nínú 2,000 tiwa.

Ẹ má gbàgbé àwọn tí kò sí nínú ọgbà. Ní Maiduguri, àwọn tó lọ sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ ìbátan àti ọ̀rẹ́ nínú agboolé pọ̀ ju àwọn tó wà nínú àgọ́ lọ. Yàrá kan tí èèyàn márùn-ún ń sùn tẹ́lẹ̀, ẹ lè bá èèyàn 15 níbẹ̀. Àgọ́ ni ọkọ̀ ìrànlọ́wọ́ ń rí. Agboolé kì í sábà rí nǹkan kan gbà.

Níbi tí ẹ ti ń ka orí náà ni kí ẹ ti béèrè bóyá nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, olùkọ́ tàbí oníkẹ́mísìtì wà láàárín wọn. Ẹni tí mo kọ́ iṣẹ́ jù lọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Borno jẹ́ ìyá agbẹ̀bí kan tí òun fúnra rẹ̀ sá wá láti Gwoza pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo. Ó gbọ́ Hausa, ó gbọ́ Kanuri, ó mọ ilé tó ní aboyún àti ilé tó ń fi òkú pamọ́. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ sàn fún yín ju dókítà mẹ́ta tó fọkọ̀ òfuurufú wá lọ. Ẹ gbà á síṣẹ́, kí ẹ sì sanwó fún un.

Kí ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ ti gbọ́dọ̀ fi tó ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ létí, àti àjọ ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì ìpínlẹ̀, SEMA, tàbí ti àpapọ̀, NEMA. Kì í ṣe pé ẹ ń tọrọ ojúrere. Àdéhùn Kampala tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní ọdún 2009, tó sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ọdún 2012, sọ ọ́ kedere pé ìjọba ló ni ojúṣe àkọ́kọ́ lórí ọmọ ìlú tí ogun lé kiri nínú orílẹ̀-èdè ara rẹ̀. Ẹni tó bá sọdá ibodè wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn, àjọ UNHCR, ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè tó ń bójú tó ogunléndé, náà ní láti gbọ́ nípa rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Omi

Ìwọ̀n tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ fẹnu kò sí ni lítà 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún mímu, sísè àti fífọ̀. Èèyàn 2,000 nílò lítà 30,000, ìyẹn ọkọ̀ táńkà oní-10,000 lítà mẹ́ta, lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Ìsinmi. Ẹnu ẹ̀rọ kan kò gbọdọ̀ ju ti èèyàn 250 lọ, ẹ nílò mẹ́jọ nìyẹn. Ibi omi kò gbọdọ̀ ju 500 mítà sí ibi tí wọ́n ń sùn, ìlà kò sì gbọdọ̀ gùn ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, nítorí ẹni tó bá tò títí tí kò rí omi pọn yóò lọ pọn èyí tó wà nínú kòtò.

Ẹ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní kẹ́ẹ̀gì méjì tí ẹnu rẹ̀ há. Mo tẹnu mọ́ ẹnu híhá yìí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì gbígbòòrò ni ọmọdé ń ti ọwọ́ bọ̀, ibẹ̀ sì ni omi tó mọ́ ti ń dọ̀tí lẹ́yìn tó ti délé.

Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tó ń po kilórínì sómi, ọ̀nà kan wà tó rọrùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ike omi kilórínì wà níwájú rẹ̀, síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kẹ́ẹ̀gì bá ti kún, yóò fa kilórínì dé ojú ìlà tí wọ́n ti sàmì sí, yóò tì í sínú kẹ́ẹ̀gì, yóò ní kí ẹni tó ni ín dé e kó sì mì í. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó ti di mímu. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ rọ omi díẹ̀ sínú ìgò kékeré tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ ju hóró egbòogi kan sí i, yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àárín 0.2 sí 0.5 mílígíráàmù nínú lítà kan ló yẹ kí ó ṣẹ́kù. Bí kò bá yí àwọ̀ rárá, kilórínì yẹn kò tó. Omi tó bá rú máa ń jẹ kilórínì púpọ̀, nítorí náà kí ẹnì kan máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú kẹ́ẹ̀gì tó ti dé inú yàrá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi yín ìdí tí ẹ fi ń da gbogbo ara yín láàmú lórí omi, ẹ sọ ti Goma fún un. Ní oṣù keje ọdún 1994, ọ̀kẹ́ àìmọye ará Rwanda sá wọ ìlú yẹn, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà. Adágún Kivu ni wọ́n ń pọn mu. Àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn sì tẹ̀ lé e. Láàárín oṣù kan, èèyàn tó tó 50,000 kú. Wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ogun o.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ṣáláńgá

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣáláńgá kan fún èèyàn 50, ìyẹn 40 fún èèyàn 2,000. Bí ọwọ́ bá ti rọlẹ̀, kó di ọ̀kan fún èèyàn 20. Kó jìnnà sí kànga tó 30 mítà ó kéré tán. Ti obìnrin lọ́tọ̀, kí ó sì pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ. Kí ilẹ̀kùn ní ìkọ́ láti inú, kí iná sì wà lójú ọ̀nà. Mo mọ àwọn obìnrin tí kì í mu omi láti ìrọ̀lẹ́ torí kí wọ́n má baà nílò láti jáde lóru. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹ̀rù yẹn sì tọ́. Ọṣẹ àti omi lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ṣáláńgá. Bí ọṣẹ kò bá sí, eérú dára.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ éèyi

Éèyi ni kádì abẹ́rẹ́ àjẹsára ń pè ní measles. Nílé, ọmọ púpọ̀ ń bọ́ nínú rẹ̀. Nínú kíláàsì tí ọmọ ogójì ń sùn, tí ebi ti sọ ara wọn di ahẹrẹpẹ, iná inú ọyẹ́ ni. Ẹ má dúró kí ọ̀kan kọ́kọ́ yọ. Ẹ pe ìjọba ìbílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé ẹ fẹ́ abẹ́rẹ́ fún gbogbo ọmọ láti oṣù mẹ́fà títí dé ọdún 15, yálà wọ́n ti gbà á rí tàbí wọn kò gbà á. Kádì ti jóná pẹ̀lú ilé, ẹ má béèrè rẹ̀. Gbígbà á lẹ́ẹ̀mejì kì í pa ọmọ lára. Ọmọ tó bá gbà á kó tó pé oṣù mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ tún un gbà lẹ́yìn tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án.

Ẹ fún wọn ní fítámì A lójú kan náà: 100,000 IU (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fítámì) fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí 11, 200,000 IU fún ọmọ ọdún kan sí ọdún márùn-ún. Inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni abẹ́rẹ́ éèyi náà ń gbé. Èyí tí ẹ bá ti fi omi pò, bí wákàtí mẹ́fà bá ti kọjá, ẹ dà á nù, bó ti wù kí ó ṣẹ́kù tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìgbẹ́ gbuuru

Ibí ni ẹ ti máa gba ẹ̀mí là jù, kò sì gba owó rẹpẹtẹ.

Ní ọdún 1971, nígbà ogun tó bí Bangladesh, dókítà ará Íńdíà kan tó ń jẹ́ Dilip Mahalanabis ń tọ́jú àwọn ogunléndé onígbáméjì ní Bangaon, lẹ́bàá ibodè. Dírípù tán. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwòsàn ni àwọn aláìsàn sùn sí, nínú èébì àti ìgbẹ́. Ó ní kí wọ́n máa po iyọ̀, ṣúgà ògidì àti sódà sínú omi, wọ́n rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ẹnu ẹ̀rọ, ó sì ní kí ìyá, ẹ̀gbọ́n àti ọkọ máa bu ú fún aláìsàn wọn fúnra wọn. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 30 nínú aláìsàn 100 ló ń kú. Ó wálẹ̀, kò tó mẹ́rin mọ́. Kò sí nọ́ọ̀sì tó lè dá èyí ṣe, àwọn ìyá ló ṣe é.

Èyí tí a ń pè ní ORS lónìí ni omi yẹn. Pákẹ́ẹ̀tì kan fún lítà omi kan. Ní Nàìjíríà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà oní-50 cl méjì jẹ́ lítà kan gẹ́lẹ́, ẹ fi ìyẹn kọ́ àwọn ìyá. Bí kò bá sí pákẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ṣíbí tíì wọn ṣúgà mẹ́fà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan kó tẹ́jú, ẹ pò ó mọ́ lítà omi kan. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ó gbọ́dọ̀ tán láàárín ọjọ́ kan.

Bí a ti ń fún ọmọ nìyí. Ìyá jókòó, ó gbé orí ọmọ sí ìgbọ̀nwọ́. Ṣíbí kan, kó dúró ìṣẹ́jú kan. Ṣíbí kan. Bí ọmọ bá bì, kó má bínú, kó má sì sọ pé omi náà kò bá a lára mu. Kó dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tún bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá agbẹ̀bí láti Gwoza tí mo sọ ní ẹ̀ẹ̀kan jókòó ti ọmọ kan láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀ báyìí. Ọmọ náà kò lè sunkún mọ́, ẹnu rẹ̀ ti gbẹ bíi páálí. Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta òru ó tọ̀ sí màmá náà lẹ́sẹ̀. Ṣe ni ìyá agbẹ̀bí náà ké sí gbogbo wa kí a wá wo ìtọ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí ìtọ̀ yẹn túmọ̀ sí yóò mọ ìdí tí a fi ń pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ìgbẹ́ olómi kọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, 50 sí 100 mílílítà. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́wàá, 100 sí 200. Àgbàlagbà, bó ti fẹ́. Kí ọmọ máa mu ọmú lọ, kó sì máa jẹun. Ẹ fi hóró zinc kún un fún ọjọ́ mẹ́wàá sí 14: mílígíráàmù 20 lójúmọ́, 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà.

Ẹ fi ìka méjì fa awọ ikùn ọmọ, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ń fà padà wọ̀ọ̀wọ̀, tí ojú sì ti jìn, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ kíkankíkan, omi ti dín lára rẹ̀: kó jókòó síwájú yín fún wákàtí mẹ́rin, kó mu mílílítà 75 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Bí awọ bá dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ, tí kò lè mumi mọ́ tàbí tí kò mọ ibi tó wà, dírípù Ringer lactate ló kù, kíákíá. Ẹni tó bá ti pé ọdún kan yóò gba mílílítà 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 70 láàárín wákàtí méjì ààbọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, 30 láàárín wákàtí kan, 70 láàárín wákàtí márùn-ún. Ọmọ tí ebi ti gbẹ kò sí nínú ìṣirò yìí. Ọkàn rẹ̀ kò lè gbé omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé ìwòsàn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú ni kí ẹ gbé e lọ.

Bí ìgbẹ́ àgbàlagbà bá dà bí omi ìrẹsì, tó ń dà láìdábọ̀, ẹ má dúró de àyẹ̀wò. Ẹ fi sí yàrá tàbí tẹ́ńtì ọ̀tọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ omi, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ṣọ́ àjàkálẹ̀ àrùn lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀dì onígbáméjì ní ihò láàárín, garawa wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì máa wo bí garawa ti kún sí kí ẹ lè mọ iye omi tí aláìsàn nílò. Ní ọdún 2017 tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ Muna Garage ní Maiduguri, àjẹsára onígbáméjì tí wọ́n ń mu lẹ́nu wà lára ohun tí wọ́n lò. Ó wà, ẹ béèrè fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Téèpù apá

Téèpù aláwọ̀ mẹ́ta kan wà tí kò wọ́n, tí kò sì ju okùn lọ. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí oṣù 59 la fi ń wọ̀n. Apá òsì, ní agbedeméjì èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, kí apá rọ̀ sílẹ̀. Ẹ má fún un, ẹ má sì jẹ́ kó dẹ̀. Bí ó bá kéré sí mílímítà 115, pupa: ebi ti ń pa ọmọ yìí kú lọ. Láti 115 sí 124, yẹ́lò: ó ń bọ̀ níbẹ̀. 125 sókè, àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Bí ihò bá ṣẹ́kù lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó wà nínú ewu bákan náà, kódà bí ó bá dà bí ẹni tó sanra. Mo ti rí ìyá tó ń yọ̀ pé ọmọ òun ń tóbi, omi ló wú u.

Ọmọ tó bọ́ sí pupa, tó ṣì lè jẹun, tí kò ní ibà tàbí èébì, oúnjẹ ẹ̀pà inú ọ̀rá ni oògùn rẹ̀. Ẹ̀pà lílọ̀, mílíìkì, òróró, ṣúgà àti fítámì ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀rá kan jẹ́ 92 gíráàmù, kò nílò omi, kò nílò iná. Ẹ sọ fún ìyá pé oògùn ni, kò ṣe é pín fún àwọn yòókù. Kí ẹ sì rò ó: bí kò bá sí oúnjẹ nílé fún àwọn yòókù, yóò pín in. Èyí tí kò lè jẹun, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ìyá láti máa fi téèpù wọn ọmọ wọn fúnra wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe bí àwa náà ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè ṣàìsọ. Ní àgọ́ kan, ẹgbẹ́ kan kó páálí wàrà ọmọ ọwọ́ àti fídà wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Àwọn ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi kòtò po wàrà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì a kò rí àyè nínú yàrá ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ̀yin tó ní owó tẹ́ ẹ fẹ́ ṣàánú, ẹ má kó wàrà wá. Ẹ fún ìyá ní oúnjẹ àti omi, ọmú rẹ̀ yóò wà. Wàrà wà fún ọmọ tí kò ní ìyá, abẹ́ ojú nọ́ọ̀sì ló sì gbọ́dọ̀ wà. Bákan náà ni oògùn: èyí tó kù díẹ̀ kó bàjẹ́, èyí tí wọ́n já kúrò nínú páálí rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ èdè tí ẹnikẹ́ni kò lè kà sí lára, iṣẹ́ àti ewu lẹ kó fún wa.

Ìgbésẹ̀ keje: Ibà àti àrùn àyà

Ibà: nẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ìdílé, ọmọ àti aboyún ni kó kọ́kọ́ sùn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣàyẹ̀wò kí ẹ tó fún ni lóògùn. Ní Borno, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń fún ọmọ oṣù mẹ́ta sí 59 ní oògùn ìdènà ibà lóṣooṣù, ẹ béèrè bóyá ti agbègbè yín wà.

Àrùn àyà kò nílò ẹ̀rọ láti mọ̀. Ẹ ṣí aṣọ ọmọ nígbà tó dákẹ́, ẹ wo àyà rẹ̀, ẹ ka bó ṣe ń mí fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ọmọ oṣù méjì sí 11: 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó ti yára jù. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin: 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní oògùn amoxicillin lọ́jọ́ náà. Bí abẹ́ egungun ìhà bá ń wọlé nígbà tó ń mí, tí kò sì lè mu ọmú, ilé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Àwọn obìnrin

Aboyún tó ti hàn lójú, ẹ fún un ní àpò ìbímọ kó tó di ọjọ́ náà: rọ́bà tí yóò tẹ́ sílẹ̀, ọṣẹ, ìbọ̀wọ́, abẹ́ tuntun tí wọn kò tíì tú, okùn tí wọ́n ó fi so ìwọ́, aṣọ mímọ́ fún ọmọ. Kí ẹ sì ti mọ ọkọ̀ tí yóò gbé e àti ilé ìwòsàn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ lóru, nítorí nínú aboyún 100, nǹkan bí 15 ni nǹkan yóò ṣòro fún. Nọ́ńbà dírẹ́bà náà, ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Ìfipábánilòpọ̀ wà lójú ọ̀nà, ó wà nínú àgọ́, ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà. Ẹ kò ní láti wá ẹni tí wọ́n ṣe é sí. Ẹ jẹ́ kí gbogbo obìnrin mọ̀ pé yàrá kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, tí obìnrin wà nínú rẹ̀, àti pé kí wọ́n yára wá. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Oògùn tí kì í jẹ́ kí oyún dúró, láàárín ọjọ́ márùn-ún, bó bá ṣe yá sí ló dára sí. Lẹ́yìn náà oògùn àtọ̀sí, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì àti ti hepatitis B. Ẹ má ní kó kọ́kọ́ gba ìwé ọlọ́pàá. Ẹ má sọ orúkọ rẹ̀ fún baálẹ̀, fún ọkọ, fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ kò bá gbọ́ èdè rẹ̀, obìnrin àgbà ni kó túmọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ní kí ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án túmọ̀ ohun tí wọ́n ṣe sí ìyá rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ọgbẹ́, àti oògùn ojoojúmọ́

Ẹni tí ìbọn bá: ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kí ẹ má jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ fi omi tó mọ́ fọ ọgbẹ́, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, kí ẹ má sì rán ọgbẹ́ ìbọn pa, ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀. Láti òpin ọdún 2017, òfin Nàìjíríà sọ pé gbogbo ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹni tí ìbọn bá, pẹ̀lú ìwé ọlọ́pàá tàbí láìsí i. Bí ẹnikẹ́ni bá dá yín padà lẹ́nu géètì, ẹ rán an létí.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, wárápá, ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí HIV ń kú láìpariwo. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan. HIV, ẹ béèrè ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ má dúró de káàdì ilé ìwòsàn àtijọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn wọn padà.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ọkàn

Ẹ má fipá mú ẹnikẹ́ni sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ jókòó tì í. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Bí kò bá sọ, ẹ fún un ní omi. Ẹ bá a wá ẹbí rẹ̀, ẹ bá a wá fóònù tó lè fi pè wọ́n. Fún àwọn ọmọ, ibi ìṣeré, bọ́ọ̀lù àti olùkọ́ kan láàárín wọn. Ẹni tí kò sùn, tí kò jẹun, tó ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀, tàbí tó ń sọ pé ikú sàn, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì mú un lọ bá onímọ̀ ìlera ọpọlọ.

Ìgbésẹ̀ kọkànlá: Ẹ ka àwọn tó kú

Ìwé àkọsílẹ̀ kan, ojoojúmọ́: mélòó ló ya ìgbẹ́ gbuuru, mélòó ló ní ibà, mélòó ló ní éèyi, mélòó ló bí, mélòó ló kú, ọjọ́ orí wọn. Ìlà ewu tí àwọn àjọ ń wò ni ikú ẹnì kan nínú èèyàn 10,000 lójúmọ́. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, méjì. Nínú àgọ́ èèyàn 2,000, bí èèyàn méjì bá kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ti kọjá ìlà yẹn. Nínú ọmọ 400, ọ̀kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀ ti kọjá rẹ̀. Àgọ́ kékeré ni tiyín, ikú kan lè ṣèèṣì, ṣùgbọ́n ẹ wádìí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ló ń ṣe ọmọ náà? Omi wo ló mu? Ta ló tún ń ṣàìsàn nínú kíláàsì rẹ̀?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, àwọn dókítà àjọ aṣèrànwọ́ Médecins Sans Frontières dé Bama, níbi tí èèyàn 24,000 sá pamọ́ sí nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Wọ́n rí sàréè 1,233 tí wọ́n gbẹ́ lẹ́bàá àgọ́ náà láàárín ọdún kan. 480 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọmọdé.

Nítorí náà, ìwé ilé ìwòsàn nìkan kò tó, torí àwọn tó kú sínú yàrá kì í dé ibẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ń wẹ òkú àti àwọn tó ń gbẹ́ sàréè. Ẹ bá wọn jókòó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrun Mágàríbà. Ẹ bi wọ́n mélòó ni tòní, àgbà tàbí ọmọdé, láti kíláàsì wo. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn, kí ẹ sì fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ kí ẹ tó sùn.